Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther àti ilẹ̀ Okun: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ní ilẹ̀ Okun, ilẹ̀ àwọn Yorùbá tó wà ní Ìpínlẹ̀ Kogí, láti Kàbà dé Ìyàrà, láti Mọ̀pà dé Ìsánlú, àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi àti àwọn ọmọ tó ń múra fún ìgbọ́wọ́lé máa ń béèrè nípa Bíṣọ́ọ̀bù Crowther. Àwọn ìbéèrè tó wọ́pọ̀ jù la kó jọ síbí. Níparí, a sọ̀rọ̀ lórí bí èèyàn ṣe ń di bíṣọ́ọ̀bù lóde òní, nítorí ìbéèrè yẹn kì í jìnnà sí èkejì.

Ta ni Crowther, ní ṣókí?

Ọmọ Òṣoògùn ni, ní agbègbè Ìsẹ́yìn tó wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lónìí. Nǹkan bí ọdún 1809 ni wọ́n bí i, Àjàyí sì ni orúkọ tó bá wáyé. Wọ́n kó o lẹ́rú ní 1821, ó bọ́ lóko ẹrú ní 1822, ó ṣe ìrìbọmi ní 1825, wọ́n fi jẹ àlùfáà ní 1843, wọ́n sì fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà ọdún 1864. Èkó ló kú sí, ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1891. Òun ni ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó di bíṣọ́ọ̀bù nínú ìjọ Áńgílíkà.

Òṣoògùn jìnnà sí wa. Kí ló kan ilẹ̀ Okun nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀?

Ó kàn wá gan-an. Ibi tí Odò Ọya ti pàdé Bẹ́núè, ní ẹnu ọ̀nà wa níbí, jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú ibi tó ti ṣiṣẹ́. Kí Lọ́kọ́ja tó di ìlú ni ọkọ̀ rẹ̀ ti ń gba ibẹ̀ kọjá. Ó dá ìjọ sílẹ̀ ní Gbebe, ní òdìkejì odò, kó tó di pé iṣẹ́ náà kó wá sí Lọ́kọ́ja.

Ohun kejì ni Freetown. Láyé ogun, ọ̀pọ̀ èèyàn wa ni wọ́n kó lẹ́rú, wọ́n sì tà wọ́n títí wọ́n fi dé etíkun. Àwọn tí ọkọ̀ ogun òyìnbó gbà sílẹ̀ lójú òkun bá ara wọn ní Sierra Leone, níbi tí wọ́n ti ń pe gbogbo ọmọ Yorùbá ní Aku. S. W. Koelle, míṣọ́nnárì CMS (Church Missionary Society, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ìjọ Áńgílíkà), jókòó ti àwọn èèyàn wọ̀nyí ní Freetown, ó ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu wọn. Ìwé rẹ̀, Polyglotta Africana, jáde ní 1854. Ẹ ṣí i, ẹ ó rí ọ̀rọ̀ Yàgbà, ọ̀rọ̀ Ìjùmú àti ọ̀rọ̀ Òwòrò níbẹ̀, bí àwọn tí wọ́n kó lọ ṣe sọ ọ́. Ìlú tí Crowther ti kàwé ni àwọn èèyàn wa náà wà. Ó yẹ kí gbogbo ọmọ Okun mọ èyí, àmọ́ a kì í sábà gbọ́ ọ nínú ìwàásù.

Ẹ̀kẹta ni Bíbélì Yorùbá, tí Crowther jẹ́ òpó iṣẹ́ ìtumọ̀ rẹ̀. Nígbà tí Tommy Titcombe, míṣọ́nnárì SIM (Sudan Interior Mission), dé Ẹ̀gbẹ̀ ní 1908, Bíbélì Yorùbá ti wà lódindi fún ọdún mẹ́rìnlélógún. Kì í ṣe ìjọ Áńgílíkà nìkan ló jẹ nínú iṣẹ́ Crowther ní ilẹ̀ yìí. Àwọn ECWA, ìjọ tó ti inú iṣẹ́ SIM jáde, jẹ níbẹ̀, àwọn mìíràn náà jẹ níbẹ̀.

Báwo ló ṣe di ẹrú, báwo ló sì ṣe bọ́?

Ogun wọ Òṣoògùn ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1821, nígbà tó tó bí ọmọ ọdún méjìlá. Wọ́n fi okùn so òun, ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ lọ́rùn pọ̀. Wọ́n fi í pààrọ̀ ẹṣin nígbà kan, wọ́n sì tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1822 wọ́n kó o sínú ọkọ̀ àwọn Potogí. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Myrmidon dá ọkọ̀ náà dúró, Henry Leeke ni ọ̀gá rẹ̀. Oṣù Kẹfà ọdún náà ni wọ́n gúnlẹ̀ sí Freetown.

Ẹ fi orúkọ Leeke sọ́kàn, ó ń padà bọ̀ nísàlẹ̀.

Ọ̀nà wo ló gbà dé ipò àlùfáà?

Láàárín oṣù mẹ́fà ló ti mọ ìwé kà. Ó kọ́ iṣẹ́ káfíńtà. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1825, àlùfáà John Raban ṣe ìrìbọmi fún un, ó sì gba orúkọ Samuel Crowther, orúkọ àlùfáà kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1827 ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní Fourah Bay, ilé ẹ̀kọ́ CMS ní Freetown, lẹ́yìn náà ó di olùkọ́. Ó fẹ́ Asano, tí wọ́n ń pè ní Susan Thompson, tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ olówò ẹrú bíi tirẹ̀. Ọmọbìnrin wọn Abigail ló fẹ́ T. B. Macaulay, ọ̀gá àkọ́kọ́ ní CMS Grammar School Èkó, àwọn ló sì bí Herbert Macaulay.

Ohun tó tì í síwájú ni ìrìn àjò Odò Ọya ti 1841. Àwọn tó rán an rí bó ṣe ṣiṣẹ́ níbẹ̀, wọ́n pè é sí Lọ́ńdọ̀nù. Bíṣọ́ọ̀bù Lọ́ńdọ̀nù fi í jẹ díákónì ní oṣù Kẹfà ọdún 1843, ó sì fi í jẹ àlùfáà ní oṣù Kẹwàá ọdún kan náà. Kò tíì sí bíṣọ́ọ̀bù kankan ní Sierra Leone nígbà náà, ìdí nìyẹn tó fi ní láti rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀.

Ó padà sí ilẹ̀ Yorùbá, ó sì dé Abẹ́òkúta ní oṣù Kẹjọ ọdún 1846. Kò tíì lo oṣù kan níbẹ̀ tí òun àti ìyá rẹ̀, Àfálà, fi tún rí ara wọn, lẹ́yìn ọdún márùndínlọ́gbọ̀n. Ìyá náà ṣe ìrìbọmi ní 1848.

Ìrìn àjò odò mẹ́ta la máa ń gbọ́: 1841, 1854, 1857. Kí ni ìyàtọ̀ wọn?

Ti 1841 ni ọkọ̀ mẹ́ta lọ: Albert, Wilberforce àti Soudan. Wọ́n gba ilẹ̀ lọ́wọ́ Àtá, ọba Ígálà, láti fi dá oko àwòkọ́ṣe sílẹ̀ nítòsí ibi tí odò méjèèjì ti pàdé. Ibà ló bà á jẹ́. Nínú òyìnbó 145, nǹkan bí 130 ni ibà mú, nǹkan bí 40 sì kú. Wọ́n pa oko náà tì.

Ní 1854, Dókítà Baikie ló darí ọkọ̀ Pleiad. Ó ní kí àwọn òyìnbó máa lo kuníìnì kí ibà tó mú wọn, wọn kò gbọdọ̀ dúró di ìgbà tí ara bá ń gbóná. Wọ́n gba Bẹ́núè wọlé lọ jìnnà, gbogbo wọn sì padà láàyè. Ìyàtọ̀ kan yìí ló ṣí odò náà sílẹ̀ fún gbogbo ohun tó tẹ̀lé e.

Ti 1857 ni wọ́n fi ọkọ̀ Dayspring lọ. Crowther fi J. C. Taylor sílẹ̀ ní Oníṣà láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárín àwọn Ìgbò, ó sì ṣètò iṣẹ́ ní Gbebe. Ọkọ̀ náà fọ́ lórí àpáta nítòsí Jẹ́bà ní oṣù Kẹwàá. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀ kí ìrànlọ́wọ́ tó dé, Crowther sì lo àkókò náà láti kọ́ nípa àwọn Tápà àti èdè wọn. Baikie ní tirẹ̀ ló padà wá tẹ Lọ́kọ́ja dó, pẹ̀lú àṣẹ Masaba, ọba Tápà.

Báwo ni wọ́n ṣe fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù?

Henry Venn, akọ̀wé CMS ní Lọ́ńdọ̀nù, ló tì í. Èrò Venn ni pé kí ìjọ ilẹ̀ Áfíríkà bọ́ ara rẹ̀, kí ó ṣàkóso ara rẹ̀, kí ó sì tan ara rẹ̀ kálẹ̀. Crowther kọ́kọ́ kọ̀, Venn ló rọ̀ ọ́ títí ó fi gbà.

Ìsìn náà wáyé ní Kàtídírà Canterbury ní ọjọ́ ìrántí Pétérù Mímọ́, 29 oṣù Kẹfà ọdún 1864. Archbishop Longley ló ṣe é. Bíṣọ́ọ̀bù mẹ́ta ni wọ́n yà sí mímọ́ lọ́jọ́ kan náà: ti Peterborough, ti Tasmania, àti Crowther. Leeke, ọ̀gá ọkọ̀ ogun tó gbà á sílẹ̀ ní 1822, wà nínú ìjọ lọ́jọ́ náà, ó ti di ọ̀gá àgbà nínú ọmọ ogun ojú omi. Fásitì Oxford fún Crowther ní oyè dókítà nínú ẹ̀kọ́ Ọlọ́run.

Ẹ wo ibi tí wọ́n pa ààlà iṣẹ́ rẹ̀ sí, torí ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ìwé oyè rẹ̀ sọ pé òun ni bíṣọ́ọ̀bù àwọn ilẹ̀ ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà tó wà lẹ́yìn ilẹ̀ tí Ọbabìnrin ń ṣàkóso. Èkó ti di ti Gẹ̀ẹ́sì ní 1861, abẹ́ bíṣọ́ọ̀bù Sierra Leone ló wà. Ó yẹ kí Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn bọ́ sábẹ́ Crowther, ṣùgbọ́n àwọn míṣọ́nnárì òyìnbó tó wà níbẹ̀, Henry Townsend ni olórí wọn, kọ̀ láti wà lábẹ́ ọmọ Áfíríkà. Ọmọ Yorùbá di bíṣọ́ọ̀bù, wọn kò jẹ́ kó ṣe bíṣọ́ọ̀bù ní ilẹ̀ Yorùbá. Odò Ọya, láti ẹnu òkun títí dé ọ̀dọ̀ àwọn Tápà, ni wọ́n fún un, ilẹ̀ tí èdè ibẹ̀ kì í ṣe èdè Crowther, òun náà kò sì ní ọkọ̀ tirẹ̀ láti fi rìn ín.

Báwo ló ṣe ń dá ìjọ sílẹ̀ ní ìlú tuntun?

Ọba tàbí baálẹ̀ ló kọ́kọ́ ń lọ kí. Á sọ iṣẹ́ tó bá wá, á béèrè ilẹ̀, á sì dúró di ìgbà tí ọba bá pe àwọn ìjòyè rẹ̀ jọ. Kì í kọ́lé kí ọ̀rọ̀ náà tó yanjú. Tí wọ́n bá ti fún un ní ilẹ̀, á gbin olùkọ́ méjì tàbí mẹ́ta síbẹ̀, tó jẹ́ pé Sierra Leone ni ọ̀pọ̀ wọn ti wá. Ilé olùkọ́ àti ilé ẹ̀kọ́ ló máa ń ṣáájú, ilé ìsìn á tẹ̀lé e. Ìwé ABD ní èdè ìlú náà ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ. Ìdí nìyẹn tó fi tẹ ìwé àkọ́kà Ìgbò jáde ní 1857, tó sì kọ ti Tápà náà. Ní Gbebe àti Lọ́kọ́ja ó fi òwò òwú kún un: ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yọ kóró òwú àti èyí tí wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ pọ̀, kí àwọn èèyàn lè rí nǹkan mìíràn tà yàtọ̀ sí ẹrú. Ní 1862 ló ṣe ìrìbọmi fún àwọn onígbàgbọ́ àkọ́kọ́ ní Gbebe.

Ibi tó ti máa ń já ni àbójútó. Èkó ni ilé Crowther wà, ọkọ̀ àwọn oníṣòwò ló sì ń wọ̀. Ẹni tó bá mọ Odò Ọya mọ̀ pé láti oṣù Keje dé oṣù Kẹwàá ni omi máa ń kún débi tí ọkọ̀ ńlá fi lè dé Lọ́kọ́ja. Tí omi bá ti fà, ọkọ̀ á jókòó sórí iyanrìn. Nítorí náà ìgbà kan péré lọ́dún ni ọ̀pọ̀ ìjọ máa ń rí bíṣọ́ọ̀bù wọn, iye wákàtí tí ọ̀gá ọkọ̀ bá sì fi ń já ẹrù ni yóò fi gbọ́ ẹjọ́, tí yóò fi dán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wò, tí yóò fi gbọ́wọ́ lé àwọn ọmọ ìjọ. CMS ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọkọ̀ Henry Venn ránṣẹ́ ní 1878, lẹ́yìn ọdún mẹ́rìnlá tó ti di bíṣọ́ọ̀bù. Òyìnbó ni wọ́n sì fi ìṣàkóso ọkọ̀ náà àti owó lé lọ́wọ́.

Kí nìdí tí iṣẹ́ rẹ̀ kò fi wọ Kàbà, Bùnú àti Yàgbà?

Ogun Tápà ni. Bídà, olú ìlú àwọn Tápà, ló ń gba ìṣákọ́lẹ̀ ní ilẹ̀ Okun nígbà náà, wọ́n sì ń kó èèyàn. Olùkọ́ tó bá kúrò létí odò wọ inú ilẹ̀ kò ní ẹni tí yóò gbà á sílẹ̀. Lẹ́yìn tí ọmọ ogun Royal Niger Company, ilé iṣẹ́ òwò Gẹ̀ẹ́sì, gbéra láti Lọ́kọ́ja lọ sí Kàbà ní oṣù Kìíní ọdún 1897, tí wọ́n sì ṣẹ́gun Bídà, ni ọ̀nà tó ṣí. Crowther ti kú ní bí ọdún márùn-ún sẹ́yìn.

Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n mú un mọ́lẹ̀ rí lẹ́yìn tó di bíṣọ́ọ̀bù?

Bẹ́ẹ̀ ni, ní 1867. Abokko, ìjòyè kan lágbègbè Ídàh, mú un sílẹ̀, ó sì ń béèrè owó ìràpadà. Fell, tó ń ṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́kọ́ja, sọ̀ kalẹ̀ wá gbà á. Wọ́n rí i gbà, ṣùgbọ́n ọfà olóró ba Fell, ó sì kú. Ní 1869 ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti ọ́fíìsì wọn ní Lọ́kọ́ja pa. Àwọn olùkọ́ Crowther kò kúrò ní tiwọn.

Òun nìkan ló túmọ̀ Bíbélì Yorùbá bí?

Rárá. Òun ni òpó iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn bá a gbé e, Thomas King sì ṣe gudugudu nínú rẹ̀. Ìwé àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá tó kọ jáde ní 1843, ó tún un ṣe tó sì fẹ̀ ẹ́ ní 1852. Ìwé Róòmù ti jáde ní 1850, Bíbélì sì pé lódindi ní 1884.

Bó ṣe ṣe é ló yẹ ká fi kọ́ àwọn ọmọ wa. Ó ń lọ jókòó sọ́dọ̀ àwọn àgbà, ó ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pa òwe, bí wọ́n ṣe ń dá ẹjọ́, bí wọ́n ṣe ń bọ òrìṣà, ó sì ń kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí àwọn Mùsùlùmí ti sọ di ti ilé, irú bí àlùfáà, wòlíì àti àdúrà, ó lò ó láìbẹ̀rù, torí gbogbo èèyàn ló ti mọ̀ ọ́n. Ìpàdé lórí àkọtọ́ wáyé ní Èkó ní oṣù Kìíní ọdún 1875, òun ni alága, níbẹ̀ ni wọ́n sì ti fẹnu kò lórí àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ tí à ń lò dòní.

Kí ló ṣẹlẹ̀ ní 1890?

Ọ̀rọ̀ yìí dùn wá, a ó sì sọ ọ́ bó ṣe rí.

Venn kú ní 1873. Àwọn tó gba ipò lẹ́yìn rẹ̀ kò ní èrò kan náà, àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì ti ń múra láti gba ilẹ̀. Ẹ̀sùn ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù pé àwọn òṣìṣẹ́ Crowther ń ṣòwò, pé àwọn kan ń ṣe pálapàla. Àwọn kan nínú wọn jẹ̀bi lóòótọ́, Crowther fúnra rẹ̀ sì ti lé àwọn kan kúrò. Ṣùgbọ́n wọ́n kó aláìṣẹ̀ pọ̀ mọ́ ẹlẹ́ṣẹ̀. Ní 1890, ikọ̀ àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó kan tí Graham Wilmot Brooke àti J. A. Robinson darí fi Lọ́kọ́ja ṣe ibùjókòó, wọ́n sì ń yẹ iṣẹ́ tó ti wà nílẹ̀ wò pẹ̀lú ojú ẹni tó ti dájọ́ kó tó dé. Brooke kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ. Bíṣọ́ọ̀bù ti lé ní ọgọ́rin ọdún.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, ìgbìmọ̀ owó jókòó ní Oníṣà. Akọ̀wé ìgbìmọ̀ náà, F. N. Eden, dá àwọn àlùfáà dúró lẹ́nu iṣẹ́ lójú bíṣọ́ọ̀bù wọn, títí kan ọmọ bíṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀, Akídíákónì Dandeson Crowther. Nínú òfin ìjọ Áńgílíkà, bíṣọ́ọ̀bù ló ń fún àlùfáà ní ìwé àṣẹ, òun náà ló ń gbà á. Akọ̀wé kò ní agbára yẹn rárá. Bàbá arúgbó náà fi ìgbìmọ̀ sílẹ̀. Ọdún tó tẹ̀lé e ló kú.

Èrò tiwa ni pé ohun tí wọ́n pè ní àṣìṣe Crowther, àìní ọkọ̀ àti ọ̀nà jíjìn ló fa èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹni tí o kò fún ní ọkọ̀, o kò lè bi í pé kí ló dé tí kò tètè dé. Robinson kú ní 1891, Brooke kú ní 1892, Lọ́kọ́ja ni àwọn méjèèjì kú sí, ikọ̀ wọn sì tú ká. Ní 1892 kan náà, àwọn ìjọ tó wà ní ẹnu òkun lábẹ́ Dandeson ya ara wọn sọ́tọ̀, wọ́n sì ń fi owó ara wọn bọ́ iṣẹ́ náà, gẹ́gẹ́ bí Venn ṣe fẹ́ kó rí.

Ta ló rọ́pò rẹ̀?

Òyìnbó kan, Joseph Sidney Hill, ni wọ́n fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní 1893, pẹ̀lú ọmọ Yorùbá méjì, Isaac Oluwole àti Charles Phillips, gẹ́gẹ́ bí igbákejì. Hill kú ní oṣù Kìíní ọdún 1894. Herbert Tugwell, òyìnbó mìíràn, ló tẹ̀lé e. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń fi ọmọ ilẹ̀ wa sípò igbákejì nìkan. Ní 1952 ni A. B. Akinyele di Bíṣọ́ọ̀bù Ìbàdàn. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà ọdún 2014, tó pé àádọ́jọ ọdún tí wọ́n ti fi Crowther jẹ oyè, Archbishop Justin Welby ṣe ìsìn ní Canterbury, ó sì tọrọ ìdáríjì nítorí ohun tí wọ́n fojú bàbá náà rí.

Àwọn àṣìṣe wo làwọn ọmọ máa ń kọ nínú ìdánwò?

Pé Abẹ́òkúta ni wọ́n bí i sí: Òṣoògùn ni. Pé òun ni Bíṣọ́ọ̀bù Èkó: kò jẹ oyè yẹn rí. Pé òun ni bíṣọ́ọ̀bù dúdú àkọ́kọ́ láyé: ìjọ Àgùdà ti fi ọmọ ọba Kongo kan, Henrique, jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní 1518. Ẹ kọ ọ́ báyìí: ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó jẹ bíṣọ́ọ̀bù nínú ìjọ Áńgílíkà.

Lóde òní, báwo ni èèyàn ṣe ń di bíṣọ́ọ̀bù?

Àlùfáà ìjọ rẹ ló ń kọ́kọ́ fi orúkọ rẹ ránṣẹ́ sí bíṣọ́ọ̀bù, kò sí ẹni tó ń fi ara rẹ̀ sílẹ̀ láìgba ọ̀dọ̀ ìjọ rẹ̀ kọjá. Lẹ́yìn ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ni ilé ẹ̀kọ́ àlùfáà: Immanuel College ní Ìbàdàn, Vining ní Àkúrẹ́, tàbí St. Francis ní Wusasa. Ìwé Àdúrà sọ pé díákónì gbọ́dọ̀ pé ọmọ ọdún 23, àlùfáà 24, bíṣọ́ọ̀bù 30. Ní ìṣe, ó máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa kí wọ́n tó ronú kan ẹnì kan fún bíṣọ́ọ̀bù, ọ̀pọ̀ ló sì ti jẹ kánọ́nì tàbí akídíákónì.

Tí ipò bá ṣófo, àwọn bíṣọ́ọ̀bù gbogbo Nàìjíríà ló ń dìbò nínú ìpàdé wọn. Kò sí pé à ń polongo. Nínú ìsìn ìyàsímímọ́, bíṣọ́ọ̀bù méjì á fa ẹni náà kalẹ̀, wọn á ka ìwé àṣẹ, á búra, wọn á bi í ní ìbéèrè, wọn á kọrin pe Ẹ̀mí Mímọ́ lórí ìkúnlẹ̀, àwọn bíṣọ́ọ̀bù tí kò gbọdọ̀ dín ní mẹ́ta á sì gbọ́wọ́ lé e. Wọn á fún un ní Bíbélì, lẹ́yìn náà òrùka, àgbélébùú àyà àti ọ̀pá olùṣọ́ àgùntàn. Tó bá wá dé kàtídírà tirẹ̀, á fi ọ̀pá náà kan ilẹ̀kùn ńlá ní ẹ̀ẹ̀mẹta kí wọ́n tó ṣí i, wọn á sì mú un jókòó sórí àga rẹ̀. Àádọ́rin ọdún ló ń fẹ̀yìn tì.

Níhìn-ín, abẹ́ Dáyósíìsì Lọ́kọ́ja, Kàbà àti Ìjùmú ni ìjọ wa pín sí, nínú Ẹkùn Lọ́kọ́ja.

Bíṣọ́ọ̀bù ń bọ̀ wá gbọ́wọ́lé ní ìjọ wa. Kí la gbọ́dọ̀ ṣe kí nǹkan má bàa dàrú?

Ìwé ìrìbọmi ló máa ń dá ìjà sílẹ̀ jù. Ẹ gba ẹ̀dà rẹ̀ lọ́wọ́ olúkúlùkù ní ìbẹ̀rẹ̀ kíláàsì, kì í ṣe ní ọ̀sẹ̀ tí bíṣọ́ọ̀bù ń bọ̀. Ẹni tí kò bá rí ìwé rẹ̀, kí àlùfáà wá orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ńlá ìjọ tó ti ṣe é. Ẹni tí kò tíì ṣe ìrìbọmi rárá gbọ́dọ̀ ṣe é kó tó di ọjọ́ náà. Ẹni tó bá ti ìjọ mìíràn wá, irú bí ECWA tàbí Àgùdà, kí àlùfáà sọ fún bíṣọ́ọ̀bù ṣáájú, torí ẹni tí wọ́n ti gbọ́wọ́ lé ní ìjọ Àgùdà, gbígbà ni à ń gbà á wọlé, a kì í tún un ṣe.

Àwọn ọmọ gbọ́dọ̀ mọ Ìgbàgbọ́ Àwọn Àpọ́sítélì, Àdúrà Olúwa, Òfin Mẹ́wàá àti kátíkísì lórí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa dáhùn nídùúró, níwájú èèyàn. Ọmọ tó mọ̀ ọ́n nínú kíláàsì máa ń gbàgbé tó bá rí fìlà bíṣọ́ọ̀bù.

Ẹ kọ orúkọ sílẹ̀ ní lẹ́tà ńláńlá, kí òbí ọmọ kà á kí ẹ tó kọ ọ́ sórí ìwé ẹ̀rí. Orúkọ tí ẹ bá ṣì kọ níbẹ̀ á di wàhálà lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Kí àwọn obìnrin fi gèlè gíga àti fìlà líle sílé, ìborí funfun pẹlẹbẹ ló dára, torí orí ni ọwọ́ bíṣọ́ọ̀bù ń bà lé. Ẹ gbé ìrọ̀rí ìkúnlẹ̀ síwájú àga bíṣọ́ọ̀bù, kí ẹ sì ti gbìyànjú bí wọn yóò ṣe máa jáde ní méjìméjì. Àwọn wọ́dìn ni kó dúró ti ìlà, kì í ṣe àwọn òbí tó ń ya fọ́tò.

A fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ wo Lọ́kọ́ja. Kí la lè rí?

Láti Kàbà, ọ̀nà Ọbájáná ló gbé yín dé ibẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Holy Trinity, ìjọ àti ilé ẹ̀kọ́ tí ìtàn rẹ̀ lọ dé 1865. Iron of Liberty, irin méjì tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń tú ẹrú sílẹ̀, kò jìnnà síbẹ̀. Láti orí Òkè Patti ẹ lè na ọwọ́ sí ibi tí odò méjèèjì ti pàdé, kí ẹ sì fi òdìkejì níbi tí Gbebe wà hàn wọ́n. Òwúrọ̀ ni kí ẹ gun òkè náà kí oòrùn tó mú, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan sì gbé omi tirẹ̀. Ẹ kọ̀wé sí àlùfáà ìjọ àti ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ṣáájú, torí tí iléèwé bá wà nínú ìdánwò, wọn kò ní lè jẹ́ kí ẹ wọlé.